DVD ń sọ̀rọ̀, àwòrán kò ní àwọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tuntun: ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà nílé màámi ní Ọ̀fà. Wáyà olórí mẹ́ta ni DVD wọn ń lò: yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí a rà fún wọn kò ní ihò yẹ́lò rárá, ni mo bá ki yẹ́lò bọ ihò aláwọ̀ ewé. Ohùn ń jáde ketekete, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni àwòrán.

Mo ra wáyà mìíràn, pàbó. Mo yí ètò àwọ̀ àwòrán inú DVD láti PAL sí NTSC, kò yàtọ̀, mo dá a padà. Ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní kí a ra DVD tuntun. Màámi kò gbà.

Lálẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ewé yẹn ni wọ́n kọ ọ́ tín-ín-tín sí: Y/VIDEO. Àṣé iṣẹ́ méjì ni ihò kan náà ń ṣe! Mo tẹ SOURCE, bọ́tìnì tí a fi ń yan ọ̀nà tí àwòrán ń gbà wọlé, lórí rìmóòtù. Component ló wà. Mo gbé e sí AV. Gèlè pupa inú fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi yọ fòò, màámi pàtẹ́wọ́.

Ní Component, wáyà mẹ́ta ló ń pín àwòrán gbé, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ihò ewé sì ń gbà níbẹ̀. Ní AV, yẹ́lò nìkan ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Tiyín lè má rí báyìí. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.