Bá a ṣe ń to ẹ̀ka èksíréè àti skáànù sínú Bahmni

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá to ẹ̀ka radiology, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ya fọ́tò inú ara, sínú kọ̀ǹpútà ọsibítù yín, ẹ má tíì fọwọ́ kan iye owó o. Orúkọ àyẹ̀wò ló ṣáájú, àkókò ló tẹ̀ lé e, owó ló kẹ́yìn. Àwọn tó ń fi owó ṣáájú pọ̀ torí òun ni ọ̀gá ń béèrè, káṣíà á ti já risíìtì tán kí dókítà tó rí àyẹ̀wò ọ̀hún yàn lójú kọ̀ǹpútà tiẹ̀, aláìsàn tí ara ń ro á wá máa ti yàrá skáànù lọ bá káṣíà, káṣíà á tún ní kó padà lọ bá dókítà. Kò yẹ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ rárá.

Bahmni, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọsibítù fi ń ṣiṣẹ́, ni màá fi ṣàlàyé torí ọ̀fẹ́ ni. OpenMRS ló ń tọ́jú fáìlì aláìsàn nínú ẹ̀, Odoo ló ń bójú tó owó, dcm4chee ló ń kó fọ́tò pa mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti radiographer yín (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ya fọ́tò náà) pẹ̀lú bébà àti bírò. Ẹ kọ gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ní tòótọ́, kì í ṣe èyí tó wà lára pátákó ìta. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá kọ "X-ray orúnkún" lásán, orúnkún wo, ọ̀tún àbí òsì? Èksíréè àyà ńkọ́, ṣé PA (láti ẹ̀yìn wá síwájú) nìkan ni àbí PA pẹ̀lú lateral (láti ẹ̀gbẹ́)? Méjèèjì ò lè jẹ́ iye kan náà, àkókò wọn náà ò dọ́gba, torí náà kí kálukú ní orúkọ tiẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Concept Dictionary (ibi tí wọ́n ń to àwọn orúkọ sí) nínú OpenMRS, ẹ dá orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí Class ẹ̀ jẹ́ Radiology, kí Datatype jẹ́ N/A. Ẹ wá kó wọn sábẹ́ sẹ́ẹ̀tì radiology, kí sẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra ẹ̀ wà lábẹ́ All Orderables, ìyẹn àkójọ gbogbo ohun tí dókítà lè kọ. Tí ò bá ti sí níbẹ̀, dókítà ò ní rí i, kódà kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ó ku àkókò. Lábẹ́ Manage Locations, ẹ dá ẹ̀ka náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi tag (àmì) Appointment Location sí i. Ní Appointments, ẹ má dá service (irú iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ní déètì) kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo radiology, kí èksíréè dá wà, kí skáànù (ultrasound) dá wà, kí CT (èyí tó ń fi èksíréè ya inú ara ní abala-abala) náà dá wà, torí ẹ̀rọ wọn ò pa pọ̀. Èksíréè àyà, ìṣẹ́jú 15 tó o. CT tí wọ́n máa gún contrast (oògùn tó ń jẹ́ kí fọ́tò hàn kedere) fún, ẹ fún un láàyè dáadáa, torí wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí èsì àyẹ̀wò kíndìnrín ẹ̀ kó tó gorí ẹ̀rọ. Skáànù inú tó gba pé kéèyàn má jẹun, ẹ dá service tiẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi sí àárọ̀ nìkan, ẹni tó ní ṣúgà ò gbọ́dọ̀ wà láìjẹun títí di ìrọ̀lẹ́. Skáànù abẹ́ ikùn ní tiẹ̀, omi ni wọ́n máa mu kí àpò ìtọ̀ kún, ẹ sọ fún ẹni tó ń fún wọn ní déètì kó máa kọ ọ́ sínú Notes.

Owó wá kàn. Tẹ́ ẹ bá ti fi orúkọ àyẹ̀wò pa mọ́ nínú OpenMRS, òun fúnra ẹ̀ ló máa lọ yọjú ní Odoo. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá product (ohun tí wọ́n ń gbowó lé) mìíràn sílẹ̀ níbẹ̀ o! Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ kan náà á di méjì, ọ̀kan lówó, ìkejì jẹ́ òdo, èyí tó jẹ́ òdo yẹn gan-an ni ohun tí dókítà bá kọ máa gbé jáde. Ẹ wá èyí tó wá fúnra ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ fi Sales Price sí i. Fún àwọn HMO (ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera), ẹ lo Pricelist (àkójọ iye owó) ọ̀tọ̀, kí káṣíà sì máa gba code àṣẹ lọ́wọ́ HMO ṣáájú àyẹ̀wò, torí tí ò bá sí code, owó ọ̀hún lè má wọlé.

Ẹ má ṣètò ẹ̀ kó jẹ́ pé ẹni tí ò tíì sanwó ò lè dé ìdí ẹ̀rọ rárá. Òfin ìlera Nàìjíríà tọdún 2014, abala 20, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tí mọ́tò gbá, CT orí ẹ̀ ò lè dúró de risíìtì. Kí bílì ẹ̀ wà nílẹ̀ ní Quotation (bílì tí wọn ò tíì parí), kí radiographer máa báṣẹ́ lọ, wọ́n á yanjú owó tó bá yá.

Ní ti ẹ̀rọ àti dcm4chee, IP (àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), port (ojú ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà) àti AE Title (orúkọ tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀) gbọ́dọ̀ bára mu lápá méjèèjì. AE Title ò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 16 lọ, lẹ́tà ńlá àti kékeré sì yàtọ̀ síra, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bàjẹ́ jù.

Kẹ́ ẹ tó ṣí i fún gbogbo èèyàn, ẹ dá aláìsàn àfidánwò sílẹ̀, kí dókítà kọ èksíréè orúnkún ọ̀tún fún un. Ẹ wò ó bóyá iye owó ẹ̀ jáde lọ́dọ̀ káṣíà, bóyá orúkọ ẹ̀ dé worklist (àkójọ àwọn tó kàn láti yà) orí ẹ̀rọ, bóyá fọ́tò sì padà sínú fáìlì ẹ̀. Ẹ tún ti òsì ṣe.