Bí mo ṣe jí kóòdù R àtijọ́ dìde lórí kọ̀ǹpútà tuntun

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún tábìlì kẹta inú ìjábọ̀ omi kànga yẹn ṣe kí n tó fi dátà tuntun kún un. Ṣé kóòdù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín?" Ó wà lọ́wọ́ mi. Fáìlì mẹ́ta ni, ọdún 2018 ni mo kọ wọ́n, inú fódà kan náà ni mo sì tọ́jú àwọn àti dátà wọn sí. Mo ní kó fún mi ní wákàtí kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Ohun tí ojú mi rí láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ rò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi R ṣiṣẹ́, torí kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Fún ẹni tí kò bá tíì lo R rí, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ni. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹ̀dà 1.0.0 sì jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, gbangba sì ni kóòdù rẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó tàbí tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ R di igi àràbà ni àwọn pákéèjì, ìyẹn àwọn àfikún tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ń kọ, tí wọ́n sì ń kó sí CRAN, ilé ìkópamọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997. Wọ́n ti lé ní 20,000 níbẹ̀ báyìí. Ẹnì kan á jókòó, á kọ ọ̀nà tí òun ń gbà yanjú ìṣòro kan, á fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, á sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò gba owó lórí rẹ̀. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìsí wọn.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì àkọ́kọ́ ni library(rgdal), ìyẹn ni pé kí R ṣí pákéèjì rgdal tí mo fi ń ka máàpù. R ní òun kò rí pákéèjì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ install.packages("rgdal"), ó ní kò sí fún ẹ̀dà R tí mo ń lò. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé rgdal, rgeos àti maptools ti kúrò lórí CRAN láti oṣù kẹwàá ọdún 2023. Roger Bivand tó ń tọ́jú wọn ti kéde rẹ̀ tipẹ́ pé wọn yóò lọ, ó sì ti ní kí àwọn tó ń lò wọ́n kó lọ sórí pákéèjì tuntun bíi sf àti terra. Mo gbọ́ ìkéde náà nígbà yẹn. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé kóòdù tí mo ti parí, tí mo sì ti tì mọ́lé, wà lára ohun tí ó kàn.

Ohun tí CRAN bá yọ kò sọnù. Gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí tí wọ́n ń pè ní Archive, èèyàn sì lè fi remotes::install_version() fà á jáde. Mo gbìyànjú ẹ̀, mo sì fi ààbọ̀ ọjọ́ kan ṣòfò lórí rẹ̀. Pákéèjì àtijọ́ fẹ́ bá sọ́fítíwíà àtijọ́ ṣiṣẹ́, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi sì ti tuntun jù fún un. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí pákéèjì kan bá ti ní arọ́pò tí àwọn èèyàn ń tọ́jú dáadáa, ẹ kó lọ sọ́dọ̀ arọ́pò náà ní kíá.

Ni mo bá kọjú sí sf, èyí tí Edzer Pebesma ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan wà nípa sf tó yẹ kí èèyàn mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kì í dá dúró. Orí sọ́fítíwíà mẹ́ta tí kì í ṣe ti R ló dúró lé: GDAL tó ń ka fáìlì máàpù, GEOS tó ń gé ilẹ̀ tó sì ń so ó pọ̀, àti PROJ tó ń yí ọ̀nà tí a ń gbà tọ́ka sí ibi kan lórí ilẹ̀ ayé padà. Lórí Windows àti Mac, wọ́n ti dì wọ́n mọ́ pákéèjì náà. Lórí Linux tí mo ń lò, ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi gbé wọn sórí ẹ̀rọ ṣáájú. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, R sì da ọ̀rọ̀ gbọọrọ sí mi lójú, ó sì dá dúró. Nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ka ìlà tó kẹ́yìn nìkan, torí òun kàn ń sọ pé iṣẹ́ náà kò yọrí ni. Ẹ gun òkè padà. Àárín ni mo ti bá ọ̀rọ̀ gan-an: kò rí gdal-config, ohun tó fi ń mọ̀ pé GDAL wà lórí ẹ̀rọ. Mo gbé libgdal-dev, libgeos-dev, libproj-dev àti libudunits2-dev (ti ìwọ̀n, tí sf náà nílò) sórí ẹ̀rọ, sf sì wọlé wẹ́rẹ́.

Yíyí kóòdù náà padà kò le tó bí mo ṣe rò. Ibi tí mo ti kọ readOGR di st_read, spTransform di st_transform, over di st_join. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé máàpù nínú sf kò ju tábìlì lásán lọ, tó kàn ní òpó kan tó gbé àwòrán ilẹ̀ dání. Gbogbo wàhálà tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ láti yọ dátà kúrò lára máàpù, kí n ṣírò rẹ̀, kí n tún so ó padà, kò wúlò mọ́. Mo pa ìlà tó pọ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Fáìlì kejì ló já mi láyà jù, torí pé kò ké rárá. Ó sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sọ pé àṣìṣe kan wà, kò ṣe ìkìlọ̀ kankan. Mo ṣí tábìlì tó yẹ kó kọ jáde, mo bá òfìfo. Orúkọ àwọn òpó wà lókè, ìlà kan ṣoṣo kò sí lábẹ́ wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kóòdù náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Dátà wọlé, iye rẹ̀ sì pé. Nígbà tó yá mo dé ibi tí mo ti kọ for (k in levels(omi$iru)). Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú irú kànga kọ̀ọ̀kan, èyí tí a fọwọ́ gbẹ́ àti èyí tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́, kó sì ṣírò iye iyọ̀ inú omi wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tẹ levels(omi$iru) nìkan. Èsì rẹ̀ ni NULL, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ṣáájú R 4.0.0 tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2020, bí read.csv, àṣẹ tó ń ka tábìlì wọlé, bá rí òpó tó kún fún ọ̀rọ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di factor, ìyẹn ni pé yóò pín àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ìsọ̀rí, yóò sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Láti 4.0.0, ó ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ lásán kò ní levels, bí a bá sì ní kí R yí ká orí NULL, kò ní yí lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ohun tó fẹ́ kígbe lé lórí. Ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Mo fara mọ́ àyípadà yìí tọkàntọkàn. Àṣà àtijọ́ yẹn ti ba iṣẹ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ṣèèṣì bọ́ sáàárín òpó tó kún fún iye, gbogbo òpó náà á di factor, ẹni tó bá sì fi as.numeric() yí i padà á gba nọ́mbà ìsọ̀rí dípò iye tó kọ sílẹ̀. Mo lè fi stringsAsFactors = TRUE sínú read.csv kí ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú òpó mẹ́ta tí mo mọ̀ pé ìsọ̀rí ni wọ́n, mo fi factor() sọ wọ́n di ohun tí mo fẹ́, mo sì fọwọ́ ara mi kọ àwọn ìsọ̀rí náà bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn. Lábẹ́ ibi tí kóòdù ti ń parí tábìlì kọ̀ọ̀kan, mo kọ stopifnot(nrow(tabili) > 0), kí iṣẹ́ dúró bí tábìlì kò bá ní ìlà kankan. Àṣìṣe tó bá dákẹ́ ló ń wọ inú ìjábọ̀ lọ. Mo fẹ́ kó pariwo.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e. Pákéèjì MASS àti dplyr, àwọn méjèèjì ló ní fúnkíṣọ̀n tó ń jẹ́ select, èyí tí a bá pè kẹ́yìn ló sì ń borí. R ní òun kò mọ ohun tí mo fi sínú select. Mo kọ dplyr::select ní gbogbo ibi tó ti wáyé, ìyẹn sì parí.

Nígbà tó wá di tábìlì kẹta fúnra rẹ̀, ìpíndọ́gba gbogbo wọn bá ti ìjábọ̀ mu gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n àlàfo tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyẹn láti iye tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù tí a rò pé ìpíndọ́gba gan-an lè wà, kò bá a mu. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ó wà lẹ́yìn ààmì dẹ́símà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó sí rárá, torí mo ti kọ set.seed(2018) sókè. Ọ̀nà tí mo gbà rí àlàfo náà ni pé mo ní kí R ṣẹ́ kèké láàárín àwọn kànga ní ìgbà 2,000, kó máa dá èyí tó bá mú padà, kó sì máa ṣírò ìpíndọ́gba ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí set.seed sì fi wà ni pé kí kèké náà lè bọ́ bákan náà nígbàkúùgbà tí a bá tún un ṣẹ́.

Dátà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo fi md5sum, irinṣẹ́ tó ń fi hàn bóyá fáìlì méjì jẹ́ ọ̀kan náà, wé fáìlì náà mọ́ ẹ̀dà tó wà nínú ímeèlì 2018, kò sí ìyàtọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tẹ RNGkind(), tó ń sọ ọ̀nà tí R ń gbà ṣẹ́ kèké, ó sì dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta padà, tí ìkẹta jẹ́ "Rejection". Láti R 3.6.0 ti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ti yí ọ̀nà tí sample() ń gbà ṣẹ́ kèké padà, torí pé ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní "Rounding" kì í fún gbogbo ohun ní àǹfààní dọ́gbadọ́gba bí ohun tí a ń mú nínú rẹ̀ bá pọ̀ gan-an. Fún kànga ọgọ́rùn-ún mélòó kan, àìdọ́gba yẹn kò lè hàn. Ṣùgbọ́n bí kèké ṣe ń bọ́ tẹ̀ léra ti yàtọ̀. Mo kọ RNGversion("3.5.0") sókè set.seed kí R lè padà sí ọ̀nà àtijọ́, R kìlọ̀ fún mi pé ọ̀nà yẹn kò pé, mo ní mo gbọ́. Nọ́mbà gbogbo bá ti ìjábọ̀ mu dé èyí tó kẹ́yìn. Mo dìde kúrò lórí àga, mo rìn yí ká yàrá.

Kí n tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní 2018. Mo fi renv::init() ya yàrá sọ́tọ̀ fún àwọn pákéèjì iṣẹ́ yìí nìkan, mo sì tẹ renv::snapshot(). Ó kọ fáìlì kan tó ń jẹ́ renv.lock, tí orúkọ pákéèjì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà rẹ̀ àti ibi tí a ti mú un wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba fódà náà á tẹ renv::restore(), yóò sì ní ohun tí mo ní. Ohun méjì ni renv.lock kò lè báni gbé wá. Ó ń kọ ẹ̀dà R sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé R fúnra rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Kì í sì í gbé GDAL àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà mo kọ ẹ̀dà R sínú README, fáìlì àlàyé iṣẹ́ náà, mo sì lẹ èsì sf_extSoftVersion(), tó ń sọ ẹ̀dà GDAL àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mọ́ ọn nísàlẹ̀. Mo tún fi citation() gba bí a ṣe ń dárúkọ àwọn tó kọ pákéèjì kọ̀ọ̀kan, torí ìjábọ̀ àkọ́kọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ìyẹn sì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì ni àbúrò mi pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tábìlì kẹta bá a mu. Ṣùgbọ́n mo sáré wo tábìlì karùn-ún náà, kànga kan ti kúrò ní agbègbè kejì bọ́ sí ìkẹta."

Mi ò yẹ tábìlì karùn-ún wò, ìkẹta nìkan ló ní kí n ṣe. A jọ wá a lórí fóònù. Láti sf 1.0 ti ọdún 2021, bí ibi kọ̀ọ̀kan bá wà ní dígírì òòró àti ìbú, sf ń ka ayé sí ohun róbótó. Àwọn pákéèjì àtijọ́ ń kà á sí pẹrẹsẹ bíi tákàdá. Ààlà agbègbè méjèèjì yẹn sì jẹ́ ìlà gígùn kan tó ní ààmì ibi ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan. Lórí tákàdá, ọ̀nà kan ni ìlà náà gbà lọ. Lórí ohun róbótó, ó tẹ̀ díẹ̀. Kànga wa wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Àbúrò mi tẹ sf_use_s2(FALSE), kí sf má ka ayé sí róbótó mọ́, kànga padà sí agbègbè kejì.

"Èwo ló wá tọ̀nà nínú méjèèjì, ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní ká wo bí àwọn tó ya ààlà náà ṣe yà á. Ìwé tó tẹ̀ lé máàpù náà sọ pé orí máàpù pẹrẹsẹ tó ń lo mítà ni wọ́n ti fà á. A fi st_transform yí ààlà àti kànga sí máàpù onímítà yẹn kí a tó fi st_join wo agbègbè tí kànga kọ̀ọ̀kan wà, kànga sì dúró sí agbègbè kejì. Ó kọ ọ́ sínú README pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é, ó tún renv::snapshot() tẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó dátà tuntun wọlé.