Kí ẹ tó ra wáyà fún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yín ní Òṣogbo

Ìṣirò ló yẹ kó sọ wáyà tí ẹ máa rà, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù láìmọ iye ámpù tí ẹ̀rọ yín ń fa àti bó ṣe jìnnà tó sí pátákó burékà, wáyà 2.5 (nọ́ńbà yìí ni bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó, ní mm²) ni wọ́n máa gbé fún yín, torí òun ló ń yá jù lọ́jà. 2.5 dáa fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ní ìṣirò tiẹ̀.

Ká ní ẹ̀rọ ìlọta oní-féèsì kan, 3 HP, lẹ ní ní Òkè-Baálẹ̀, tí páálí irin kékeré ara rẹ̀ sì sọ pé 16 A ló ń fa. Láti pátákó burékà dé ìdí ẹ̀rọ jẹ́ mítà 50. Ẹ fi ibi tí wáyà ti máa gun ògiri, ibi tó ti máa sọ̀ àti èyí tí wọ́n máa fi dè é lẹ́nu kún un: ó di 58. Wáyà bàbà 2.5 ń jẹ fóltì 0.018 fún ámpù kọ̀ọ̀kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. 4 ń jẹ 0.011, 6 ń jẹ 0.0073; 10 ń jẹ 0.0044. 0.018 × 16 × 58 jẹ́ fóltì 16.7. Nínú fóltì 230 tí iná ń gbé wá, ohun tó yẹ kí wáyà jẹ kò gbọ́dọ̀ ju 5% lọ, ìyẹn 11.5. 2.5 ti kùnà nìyẹn. 4 máa jẹ 10.2, ó yege.

Àmọ́ nígbà tí mọ́tò bá ń dìde, ó lè fa tó ìlọ́po mẹ́fà iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ohun tí wáyà ń jẹ náà á di ìlọ́po mẹ́fà. Ìgbà yẹn lẹ̀rọ máa ń kùn láìyí, tí wáyà inú mọ́tò á sì jó. Pé Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà kò ní kí fóltì má lọ sílẹ̀ ní ìparí ìlà àdúgbò yín. Tí iná yín bá máa ń rẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ fi 4 sílẹ̀, kí ẹ ra 6.

Ẹ tún ro ti ooru. Ámpù 24 ni 2.5 lè gbé nínú páìpù tí àyíká rẹ̀ bá wà ní 30°C. Lábẹ́ páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá di 45°C, ó bọ́ sí 19. Tí oníná bá tún ki wáyà ẹ̀rọ méjì mìíràn sínú páìpù kan náà, ó di 13, bẹ́ẹ̀ 16 lẹ̀rọ yín ń fa. Awọ wáyà á kọ́kọ́ gan, á wá máa sán, títí iná á fi kan iná. 4 tó dá wà nínú páìpù tiẹ̀ lè gbé 25 nínú ooru yẹn. Burékà ámpù 20, type C (irú tí kì í tètè já nígbà tí mọ́tò bá ń dìde), ló bá a mu. Tí burékà bá ń já lemọ́lemọ́, ẹ má gbà kí wọ́n fi 32 rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Wáyà mẹ́ta ló máa lọ síbẹ̀: féèsì, nútírà àti éétì. 58 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 174, ó sì jọ pé róòlù méjì oní mítà 100 á ká a. Kò lè ká a. Tí ẹ bá gé 58 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, 42 ló kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkẹta á wá di alásopọ̀. Ibi àsopọ̀ inú páìpù sì ni ìjóná ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Róòlù mẹ́ta ni kí ẹ rà: pupa, dúdú, àti aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò fún éétì. Ẹ bèèrè bóyá mítà ni tàbí yáàdì, torí 100 yáàdì kò ju mítà 91.4 lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ pupa ẹnu wáyà tàn yín. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ níta. Ẹ fi ọ̀bẹ fá a wọnú: bí inú bá funfun, alumíníọ̀mù ni. (Tí ó bá funfun lóde tó sì pupa nínú, tánganran ni wọ́n fi bo bàbà, kò burú.) Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja tútù tó. Bàbà nìkan nínú mítà 100 wáyà 4 jẹ́ bíi kílò 3.6, ti 2.5 jẹ́ 2.2, ti 6 jẹ́ 5.4, awọ rẹ̀ tún ní ìwọ̀n tiẹ̀. Róòlù 4 tí kò tó kílò 3 lódindi, tí wọ́n ní ó pé mítà 100, bàbà rẹ̀ kò pé. Bí oníná yín bá ní mítà ìdánwò, kó fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kanra, kó kọ iye tó kà sílẹ̀, kó wá wọn orí àti ìdí róòlù, kó sì yọ iye àkọ́kọ́ yẹn kúrò nínú rẹ̀: 4 kò gbọ́dọ̀ ju bíi 0.48 ohm lọ nínú ooru wa. Tó bá ka 0.7, ẹ dá a padà.

Ara awọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, 450/750 V (fóltì tí awọ rẹ̀ lè gbà) àti àmì NIS, ìyẹn ìlànà ọjà Nàìjíríà. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á. Lẹ́tà tó bá pa rẹ́ wẹ́rẹ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Èyí tó máa gba inú ilẹ̀ kọjá lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì mìíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ armoured (wáyà tí wọ́n fi irin wé) oní 600/1000 V, kí kòtò rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí yanrìn wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, dè é.

Ẹ jẹ́ kí rìsíìtì kọ ìwọ̀n, gígùn àti "bàbà" gedegbe, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí ara róòlù tí ẹ wọ̀n kó tó wọ ọkọ̀.