Bí mo ṣe pèsè MGB ọdún 1964 sílẹ̀ fún eré wákàtí mẹ́fà ní Spa

Eré wákàtí mẹ́fà tí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń sá ní pápá Spa-Francorchamps, ní Bẹ́ljíọ̀mù, lóṣù Kẹsàn-án, kì í ṣe ibi tí ẹni tó gbé MGB, ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ti lè fi agbára ẹ́ńjìnnì yangàn. Ford GT40 onílítà 4.7 wà lórí títì kan náà, Cobra ń bẹ níbẹ̀, Jaguar E-Type ń bẹ níbẹ̀. Cc 1,798 péré ni ti MGB. Ohun tó lè ṣe ni kó máa lọ nígbà tí àwọn mìíràn bá ti dúró sétí títì. Ó ti mọ́ ọn lára: ní Le Mans, eré wákàtí 24 ti ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1965, Paddy Hopkirk àti Andrew Hedges gbé e dé ipò 11, lọ́dún 1966, Hedges àti Julien Vernaeve fi òmíràn gba ipò kìíní nínú Marathon de la Route, eré wákàtí 84 ní Nürburgring. Nítorí náà, owó tí ì bá lọ sórí ẹ́ńjìnnì, ìdí àwọn nǹkan tó máa ń dá ọkọ̀ dúró ni mo ná an sí.

Ìwé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pẹ́ jù. Ọkọ̀ tó bá máa wọ irú eré yìí gbọ́dọ̀ ní HTP, ìwé tí FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ọkọ̀ lágbàáyé, fi ń jẹ́rìí pé bí ọkọ̀ náà ṣe rí láyé ìgbà tirẹ̀ ló ṣì rí. Appendix K ni òfin tó wà nídìí rẹ̀, MGB 1964 sì bọ́ sí Period F, ìyẹn 1962 sí 1965. Fọ́tò inú ìwé yẹn ni àwọn ayẹ̀wò máa ń mú dání tí wọ́n bá dé ìdí ọkọ̀: wọ́n á wo kábúrétọ̀, wọ́n á wo ríìmù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹ má wulẹ̀ so ó mọ́ ọkọ̀, ì báà dára ju ti àtijọ́ lọ. Táyà náà ní òfin tirẹ̀. Dunlop Racing, L section, ni mo lò. Ó ní ojú táyà gidi, nítorí náà kò sí pé à ń pààrọ̀ táyà tí òjò bá dé, èyí sì jẹ́ ìrọ̀rùn ńlá ní Spa, níbi tí òjò ti lè máa rọ̀ ní apá kan pápá kí apá kejì gbẹ táútáú.

Àwọn ohun tí ọjọ́ wọn máa ń tán ni mo kọ sójú ìwé kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àpò epo FT3, irú tí FIA fọwọ́ sí, tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ọdún 5 ni. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè yẹ̀ ẹ́ wò kó fi 2 kún un. Ohun ìpaná, ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò. Bẹ́líìtì, akoto, aṣọ tí iná kì í jó, okùn tó ń di ọrùn mú, ọjọ́ tiwọn wà lára wọn. Agolo tó ń gba ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì bá pọ̀ sókè gbọ́dọ̀ gbà tó lítà 2 fún ẹ́ńjìnnì tí kò ju 2,000 cc lọ.

Súwíṣì tó ń pa gbogbo iná ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń fi ṣeré. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé fà látìta, pẹ̀lú àmì mànàmáná pupa nínú igun mẹ́ta aláwọ̀ búlúù tó ní etí funfun. Àwọn ayẹ̀wò lè ní kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fà á. Tí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń fà á ni pé dáínámò ṣì ń fún kọ́ìlì ní iná lẹ́yìn tí bátìrì ti já. Súwíṣì tó ní orí mẹ́fà, tó ń já bátìrì àti kọ́ìlì pa pọ̀, ni kí ẹ rà. Olórí méjì kò tó.

Ẹsẹ̀ iwájú ló kàn. Lára MGB, láàárín bíárìn méjèèjì, kọ́là kan àti àwọn ṣíìmù pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n fi ń wọn bí họ́ọ̀bù á ṣe mì tó: 0.05 sí 0.10 mm. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á fi ọwọ́ mú nọ́ọ̀tì bíi ti ọkọ̀ yòókù. Ọkọ̀ á rìn o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì kọ́là yẹn ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ lè fún nọ́ọ̀tì le koko, kí ìdí àsèlì kékeré tí họ́ọ̀bù ń yí lé lórí má máa rọ̀. Tí kò bá sí, ó ń rọ̀ ní gbogbo kọ́nà, ó sì máa ń là níbi ìdí rẹ̀ gan-an. Mo wọn ti ọ̀tún àti tòsì pẹ̀lú gééjì olójú aago, mo fi ìwọ̀n méjèèjì sílẹ̀ nínú ìwé.

Ríìmù onísípóòkì ni ọkọ̀ yìí ń lò. Ẹ fi jáàkì gbé e sókè, kí ẹnì kan tẹ búréèkì, kí ẹnì kejì fi ọwọ́ méjèèjì yí táyà síwá-sẹ́yìn. Tó bá ń dún kọ́kọ́kọ́, eyín inú họ́ọ̀bù ti jẹ. Eruku pupa bí ìpẹtà láàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Gírísì díẹ̀ ni wọ́n ń fi síbẹ̀, kì í ṣe àkúnya. Nọ́ọ̀tì ńlá tó di ríìmù mú, ti ọ̀tún àti ti òsì kì í yí síbì kan náà. Ẹni tó bá ra àsèlì tokunbọ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí tí wọ́n bá ti gbé họ́ọ̀bù ọ̀tún sí òsì, nọ́ọ̀tì á máa tú ara rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Lẹ́yìn, mo pààrọ̀ sáfùtù àsèlì méjèèjì sí irin líle, mo sì fi kíkùn funfun fa ìlà kan gbọọrọ láti orí dé ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn eré, tí ìlà náà bá ti lọ́, sáfùtù náà ti lọ́ nìyẹn, ó ku ọjọ́ tí yóò kán.

Iná ni mo pẹ́ sí jù lọ. Ọ̀sán ni eré ń bẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn ló ń parí. Dáínámò Lucas C40 tó wà lára MGB ìgbà yẹn kì í fúnni ju amp 22 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: iná iwájú méjì, wọ́ọ̀tì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 12 pín in, ó lé díẹ̀ ní amp 9, iná ọ̀nà jíjìn méjì mìíràn, 9 tún ni, kọ́ìlì àti páǹpù epo, bíi 6, wápà, 3, iná ẹ̀yìn àti ti gééjì, 2. Ó ti ń lọ sí 30. Ohun tó kù, inú bátìrì ló ti ń wá. Bátìrì tó kún lè bá yín dé ìparí, ṣùgbọ́n dáínámò tó ń fúnni ní gbogbo agbára rẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko, inú rẹ̀ á gbóná débi tí lẹ́ẹ̀dì tó mú waya inú rẹ̀ á yọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun sí i. Mo fi púlì tó tóbi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, torí ẹ́ńjìnnì ìje kì í sáré kékeré. Mo gba agbára sínú bátìrì ní òru tó ṣáájú eré. Iná ọ̀nà jíjìn ní súwíṣì tirẹ̀, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ tàn án kí ilẹ̀ tó ṣú ní tòótọ́.

Fíúsì méjì péré ló wà nínú àpótí MGB àkọ́kọ́, iná iwájú kò sì gba inú èyíkéyìí kọjá. Mo pín gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀tọ̀: iná ọ̀tún, iná òsì, páǹpù, wápà, iná ẹ̀yìn, kálukú pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, kí waya kan tó bó má bàa sọ ọkọ̀ sínú òkùnkùn biribiri. Ẹ má gbàgbé pé ojú rere, ìyẹn pọ́sítíìfù, ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ yìí láti ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ yí pápá ká, tó bá jẹ́ irú èyí tó ń gba iná lára ọkọ̀, waya méjèèjì tirẹ̀ ni kí ẹ fà lọ sí bátìrì, kí ara irin rẹ̀ má kan ọkọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jó.

Kábúrétọ̀ Weber 45 DCOE kì í fẹ́ kí ẹ dì í mọ́ ẹ́ńjìnnì gírígírí. Rọ́bà ló yẹ kó wà láàárín, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì fi àyè bíi mìlímítà kan sílẹ̀ lábẹ́ wọ́ṣà onísípíríìngì. Tí ẹ bá fún un pa, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì á máa lu epo inú rẹ̀ bí ẹni ń po ọṣẹ, ìfófòó yẹn á wọ jẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ á sì máa wúkọ́ lórí eré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á máa tú dísíríbútọ̀ nítorí èyí. Ní ti dísíríbútọ̀, kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì ní àyè 0.35 sí 0.40 mm, mo di àwo inú rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú kọ́ńtáàtì tí mo ti wọ̀n sílẹ̀, sínú àpótí irinṣẹ́.

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bíárìn mẹ́ta nídìí ni ti 1964. Olóbíárìn márùn-ún kò dé títí ìparí ọdún yẹn. Àmì pupa mi lórí gééjì ìyípo ẹ́ńjìnnì wà ní 6,000, kò sì sí ìdí tí awakọ̀ fi máa kọjá rẹ̀. Ọ́ìlì 20W-50 ni, pẹ̀lú pátákó ìdènà nínú páànù, nítorí Pouhon. Kọ́nà òsì gígùn ni, eré pọ̀ níbẹ̀, gbogbo ọ́ìlì á wọ́ lọ sí apá ọ̀tún. Tí abẹ́rẹ́ gééjì bá ń rẹlẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ìyípo, bíárìn ti ń jẹ nìyẹn. Ẹ wo gééjì náà níbi tí ẹ bá ti jáde ní Pouhon, kì í ṣe lójú ọ̀nà tó tẹ́.

Búréèkì: omi DOT 4 lásán máa ń hó ní nǹkan bíi 230°C nígbà tó bá ṣì tuntun, tó bá ti gba omi, ó lè hó ní 155°C. Mo lo ti eré ìje tó kọjá 300°C, mo sì ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lẹ́yìn gbogbo ìdánrawò. Páàdì, ẹ wọ̀n ọ́n. Tí ìyípo 10 bá jẹ mm 1, ìyípo bíi 100 tó wà nínú wákàtí mẹ́fà á jẹ mm 10, ẹ ti mọ̀ bóyá ẹ nílò láti pààrọ̀ rẹ̀ láàárín eré.

Ìdánrawò ni a fi ń mọ bí epo ṣe ń lọ. Mo kún táǹkì dé ẹnu, a sá ìyípo márùn-ún, mo tún un kún. Ìyípo kan jẹ́ km 7.004, nítorí náà km 35 nìyẹn. Tó bá gba lítà 10, lítà 60 á gbé e lọ sí km 210, ìyẹn ìyípo 30. Ẹ yọ mẹ́ta kúrò, torí epo tó bá kù nísàlẹ̀ máa ń sá kúrò lẹ́nu páìpù nínú kọ́nà. Ó ku 27. Tí ìyípo kan bá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀, ìjókòó awakọ̀ kan jẹ́ ìṣẹ́jú 94. Ìjókòó mẹ́rin ni wákàtí mẹ́fà, ìdúró mẹ́ta. Tí ọkọ̀ ààbò bá jáde nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹ dúró, ẹ wọlé lójú ẹsẹ̀ tí òfin eré bá gbà á. Gbogbo ayé ń rọra lọ nígbà náà, ohun tí ẹ máa pàdánù kò pọ̀.

Níbi ìdúró, iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo kọ sílẹ̀, mo sì mú wọn ṣe é ní àṣetúnṣe. Ẹ́ńjìnnì ti kú kí wọ́n tó ṣí epo. Ẹni tó mú ohun ìpaná dání kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn, kò gbọdọ̀ na sípánà sí ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ tó ń jáde ló ń di bẹ́líìtì mọ́ ẹni tó ń wọlé, torí òun ló mọ bó ṣe máa ń lọ́. Lẹ́yìn epo nìkan ni ẹ lè ṣí bóònẹ́ẹ̀tì: ọ́ìlì, omi, bẹ́líìtì fáànù, kí ẹnì kan fi ọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gíláàsì iwájú ni kí ẹ nù kẹ́yìn, pẹ̀lú omi mímọ́. Kòkòrò àti ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ ọn kò dí yín lọ́wọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí iná ọkọ̀ ẹlòmíràn bá tàn sí i lálẹ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Ohun tí mo sọ fún àwọn awakọ̀ kò pọ̀. Láti kọ́nà Raidillon lọ sókè títì gbọọrọ Kemmel ni GT40 á ti bá yín. Ẹ dúró sójú ìlà yín. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti yan ibi tó máa gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oore tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń kó jàǹbá bá ara rẹ̀. Lálẹ́, mo fi téèpù aláwọ̀ eérú bo ìlàjì dígí ẹ̀yìn, kí iná wọn má bàa fọ́ yín lójú.

Nígbà tí ọkọ̀ padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo gé fílítà ọ́ìlì sí méjì, mo na bébà inú rẹ̀ sábẹ́ iná: eruku dúdú kò burú, ìpẹ́ aláwọ̀ eérú tó ń dán, ti bíárìn ni. Mo wọn àyè fáàfù pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tútù, 0.38 mm, èyí tó bá ti dínkù jù nínú wọn ni fáàfù rẹ̀ ń wọlẹ̀ sínú orí ẹ́ńjìnnì. Àsèlì kékeré iwájú méjèèjì, mo tú wọn, mo fọ̀ wọ́n, mo fi omi pupa tó ń fi ibi tó là hàn kùn wọ́n, ní pàtàkì ní ìdí, níbi tí bíárìn inú ń jókòó lé.