Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Òkun Àtijọ́ Tutù Láti Ara Ìkarahun

Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 445 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì sí igi kankan lórí ilẹ̀, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún irú àwọn ẹ̀dá tí ń gbé inú òkun ló run. Ìkarahun wọn ló kù tí ó ń jẹ́rìí, pàápàá jùlọ ní erékùṣù Anticosti ní Quebec, orílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí àpáta kò tíì rì jìn tó kí ooru inú ilẹ̀ ba ẹ̀rí jẹ́.

Ìkarahun brachiopod, ẹranko kékeré tí ilé rẹ̀ ní abala méjì, ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ kọ ìpele àpáta tí ó wà sílẹ̀, nítorí pé ìkarahun tí a kò mọ ibi tí ó sùn sí kò lè sọ ìgbà tí ó gbé ayé.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí mo kà sí pàtàkì jùlọ: ẹ wádìí bóyá omi inú ilẹ̀ ti pa á dà. Nínú yàrá àyẹ̀wò, a máa ń ta ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí i lára. Ibi tí ó bá tàn ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n, manganese, irú irin kan tí omi inú ilẹ̀ ń gbé wá, ti wọ ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ibi tí ó dúdú, tí àwọn fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ṣì tò lé ara wọn, ni kí ẹ ti ha ìyẹ̀fun díẹ̀.

Bí a bá da ásíìdì sí ìyẹ̀fun náà, afẹ́fẹ́ kan á jáde, mass spectrometer, ẹ̀rọ tí ń ya átọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ nípa ìwúwo wọn, á sì wọn irú ọ́síjìn méjì, ọ́síjìn 18 tí ó wúwo mọ́ ọ́síjìn 16 tí ó fúyẹ́. Bí omi bá ṣe tutù sí ni ìkarahun ṣe ń kó èyí tí ó wúwo pọ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí Harold Urey, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1947 ti fi hàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì parí èrò, torí yìnyín náà máa ń kó ọ́síjìn tí ó fúyẹ́ pamọ́ sórí ilẹ̀, èyí tí ó wúwo á sì pọ̀ nínú òkun láìjẹ́ pé òtútù nìkan ló fà á. Ẹ tún wọn bí kábọ́nì 13, irú kábọ́nì tí ó wúwo, àti ọ́síjìn 18 ṣe so mọ́ ara wọn tó, nítorí pé ooru nìkan ni ìyẹn ń tẹ̀ lé. Ọ̀nà yìí ló fi hàn ní ọdún 2011 pé òkun ilẹ̀ olóoru tutù ní nǹkan bí ìwọ̀n 5 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì nígbà tí yìnyín gbilẹ̀ ní Gondwana, ilẹ̀ ńlá àtijọ́ tí Áfíríkà wà lára rẹ̀. Sàhárà òde òní wà nítòsí òpó gúúsù ayé nígbà náà, àpá yìnyín sì wà lára àpáta ibẹ̀ títí di òní.

Níkẹyìn, ẹ to orúkọ àwọn ẹ̀dá ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìkarahun tí ẹ rí kẹ́yìn lè má jẹ́ ti ẹ̀dá tí ó kú kẹ́yìn. Yìnyín sì mú kí òkun fà sẹ́yìn, débi pé àwọn ìpele kan kò sí rárá. Bí ẹ kò bá ka èyí mọ́ ìṣirò yín, ikú tí ó gba ìgbà pípẹ́ á jọ ti ọjọ́ kan.