Bí a ṣe ń tún àwọn ike tó fọ́ nínú ẹ̀rọ kàlòkàlò inú ilé ṣe

Nínú ẹ̀rọ kàlòkàlò tòkúnbọ̀ tí èèyàn gbé sílé ṣeré, ike ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Bọ́tìnì á já nídìí, òpó tí súkúrúù ń wọ̀ á là, ojú ọ̀nà tí kọ́ìnì ń gbà wọlé á ya, ẹ̀rọ náà á sì dúró gbagidi bí ẹni pé iná ló jó o. Ohun tó sábà máa ń fà á ni ooru. Gílóòbù tó wà lẹ́yìn bọ́tìnì àti lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ máa ń gbóná, á sì máa gbẹ ike náà lọ́dọọdún, títí ike á fi ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ líle díẹ̀. Bí ẹ bá tún wá gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán Àkúrẹ́ ń gbà wọlé, ẹ̀ ń bá ooru náà kún un ni.

Ohun tó sì ń ba àtúnṣe jẹ́ jù ni pé kí èèyàn lọ ra súpà gúlù kó tó mọ irú ike tó fọ́. Kò sí gúlù kan tó ń mú gbogbo ike. Ẹ mọ ike yín ná.

Kí ẹ tó ṣí i

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kì í ṣe pé kí ẹ kàn pa súwíìṣì, kí ẹ sì dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kapasítọ̀ inú páwà páákì máa ń di iná mú lẹ́yìn tí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ wo àkọlé tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú. Iná ilé ní Japan jẹ́ fóòtì 100, tiwa níbí jẹ́ 230. Ẹ̀rọ tó bá ti ibẹ̀ wá, tí wọn ò tíì yí páwà rẹ̀ padà, gbọ́dọ̀ gba inú tiransifọ́mà tó ń dín iná kù. Ẹni tó bá ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ògiri tààrà kò ní nílò àtúnṣe ike mọ́.

Ẹ fi fóònù ya gbogbo wáyà kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ ṣa gbogbo èérún ike tó já sílẹ̀, títí kan èyí tó kéré bí orí ìṣáná, nítorí méjì ni ìwúlò rẹ̀: ẹ ó lò ó fún àtúnṣe, kò sì ní bọ́ sínú abọ́ tó ń ka kọ́ìnì jáde. Àwo oníhò ló ń yí nísàlẹ̀ abọ́ yẹn. Bí èérún kan péré bá mú un há, ẹ̀rọ kò ní san owó mọ́.

Irú ike wo ni?

Ẹ yí i wò lẹ́yìn. Wọ́n sábà máa ń tẹ lẹ́tà kéékèèké tó ń sọ irú ike sí i: ABS, PS, PP, PE, PC tàbí POM. Bí kò bá sí lẹ́tà, ẹ gé bíńtín níbi tí ojú ò ní rí, ẹ jù ú sínú omi tí ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí, kí ẹ sì rì í wọnú omi kí atẹ́gùn má bàa gbé e dúró. Bó bá léfòó padà, PP tàbí PE ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìdérí kúlà. Gúlù lásán kì í mú un. Bó bá rì, ẹ kán asẹtónì (omi tó ń yọ́ ike) ẹyọ kan sí ibi kọ́lọ́fín lára rẹ̀, ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi orí ìtayín kàn án. Bó bá ti ń lẹ̀, ABS tàbí PS ló sábà máa ń jẹ́, inú yín á sì dùn, nítorí òun ló rọrùn jù láti tún ṣe. Jíà tó ń yọ̀ lọ́wọ́ tí asẹtónì ò ràn jẹ́ POM. Ẹ má fàkókò ṣòfò lórí gúlù rẹ̀, ẹ wá jíà mìíràn.

Asẹtónì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò èékánná ní Ọjà Ọba. Ẹ ka ara ìgò dáadáa, torí òmíràn wà tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ tí kò ní asẹtónì nínú. Asẹtónì ń gbaná kíákíá: ẹ jìnnà sí sítóóùfù àti jẹnẹrétọ̀, ẹ sì ṣí fèrèsé.

ABS tó là tàbí tó já sí méjì

Ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ojú ibi tó já, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ọ̀rá ọwọ́ àti eruku ọyẹ́ tó wà lójú ike ni kì í jẹ́ kó mú. Ẹ má fi sáńpépà ha ojú ibi tó já, nítorí ògbun kéékèèké ibẹ̀ ló ń jẹ́ kí apá méjèèjì wọ ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ó là ni, tí kò tíì já tán, ẹ fi dìrílì mílímítà 2 lu ihò sí òpin ìlà náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa là lọ lẹ́yìn àtúnṣe.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ta asẹtónì sí ojú méjèèjì, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ tàbí sẹ́lótéèpù dè é. Wákàtí 24. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó ti gbẹ láàárín wákàtí kan, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì rọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn já a lẹ́ẹ̀kejì.

Ojú ìsopọ̀ nìkan kò tó fún ibi tí ọwọ́ máa ń tẹ̀. Ẹ gé ABS wẹ́wẹ́ (bọ́tìnì kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà àtijọ́ dára bí asẹtónì bá ń yọ́ ọ) sínú ìgò gíláàsì, ìdá kan ike sí ìdá mẹ́ta asẹtónì, kí ẹ dé e mọ́jú títí yóò fi ki bí ògì. Ẹ má lo kọ́ọ̀pù ike àlòdànù, yóò yọ́ dànù. Ẹ fi ìtayín pa á sẹ́yìn ìsopọ̀ náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tẹ́ bándéèjì tín-ín-rín lé e, ẹ tún pa òmíràn lé e lórí lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí ẹ bá da púpọ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú á gbẹ, inú á kó atẹ́gùn, á sì fa ike náà wọ́.

Òpó súkúrúù

Èyí ló ń fọ́ jù, ọwọ́ àwọn tó ń tú ẹ̀rọ ló sì ti ń wá: wọ́n ń fún súkúrúù jù. Ẹ wá ẹ́ríà rédíò tó ti bàjẹ́. Ọ̀pá rẹ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, ọ̀kan nínú wọn á wọ òpó náà pẹ́kípẹ́kí. Ẹ fi ayùn irin gé òrùka mílímítà 8 sí 10 níbẹ̀, ẹ fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀. Ẹ kán súpà gúlù sínú ibi tó là, ẹ ti òrùka náà wọ̀ ọ́, yóò sì fún òpó náà pa.

Bí apá kan òpó náà bá ti sọnù, súpà gúlù àti béékìn sódà ló kàn. Ẹ kán gúlù, ẹ bu sódà díẹ̀ lé e. Á le lójú ẹsẹ̀, á gbóná, á sì yọ èéfín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ṣe é ní ìpele ìpele. Lẹ́yìn náà ẹ lu ihò mílímítà 2.5 fún súkúrúù mílímítà 3. Nígbà tí ẹ bá ń dá súkúrúù padà sínú òpó èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn títí ẹ ó fi gbọ́ tó bọ́ sínú ojú ọ̀nà àtijọ́, kí ẹ tó wá yí i síwájú. Òpó tí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í tètè là.

Ọyẹ́ máa ń fa súpà gúlù sẹ́yìn, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kó gan. Lásìkò òjò, ó ń yára, àmọ́ ó ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀. Ẹ má fi òwú nù ún láéláé: òwú tó bá fa gúlù yẹn lè gbóná débi pé á jó ọwọ́.

PP àti PE

Ẹ fi wáyà kọ́pà rán an. Ẹ ká wáyà náà bí ẹnu pínnì sítépúlù, ẹ gbé e lé orí ibi tó là, ẹ fi sódárìn áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí á fi rì dé ìdajì ike. Láti ọ̀kan sí èkejì, kó tó mílímítà 10, kí wọ́n má sì dojú kọ ibì kan náà. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é.

Ahọ́n ike tó wà lára kẹ̀kẹ́ àwòrán

Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń yí àwòrán ní ahọ́n ike kékeré kan tó ń gba àárín sẹ́ńsọ̀ (ojú oníná tó ń mọ ìgbà tí nǹkan bá gé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀) kọjá nígbàkígbà tó bá yí po. Ibẹ̀ ni pátákó iná tó ń darí ẹ̀rọ ti ń mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ dé. Bí ahọ́n náà bá já, kẹ̀kẹ́ á máa yí láìdúró, tàbí kí ẹ̀rọ kọ àmì àṣìṣe. Ẹ gé òmíràn lára ike dúdú tó nípọn tó ti tẹ́lẹ̀. Ike funfun fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ sẹ́ńsọ̀ là á kọjá. Fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, torí bó bá fẹ̀ jù, àwọn àwòrán kò ní dúró lórí ìlà. Ẹ yọ kẹ̀kẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ kí ẹ tó lẹ ahọ́n náà mọ́ ọn, ẹ yọ báńdì tí àwòrán wà lára rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ má sì dá a padà títí di ọjọ́ kejì. Èéfín súpà gúlù máa ń sọ ojú sẹ́ńsọ̀ àti báńdì àwòrán di funfun.

Ojú ike tó mọ́ gaara

Ẹ má fi súpà gúlù kàn án, ẹ má sì fi asẹtónì kàn án. Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn rẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó; àjákù pẹ́sípẹ́ẹ̀kì (ike líle tó mọ́ gaara) wọn tó fún ojú ẹ̀rọ kan.

Kí ẹ tó tan iná

Ẹ fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ahọ́n má ṣe kan sẹ́ńsọ̀ níbì kankan. Ẹ sọ kọ́ìnì mẹ́wàá wọ ojú ọ̀nà rẹ̀, kí gbogbo wọn já sísàlẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́ bí súwíìṣì ṣe ń ró nísàlẹ̀ rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ ti ṣí i, ẹ fi gílóòbù LED tí fóòtì rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu pààrọ̀ àwọn gílóòbù tó ń gbóná. Bí ẹ bá tan iná tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń kọ àmì àṣìṣe, ẹ pa á, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ gbá ẹnu sẹ́ńsọ̀, kí ẹ tó fura sí pátákó iná.