GIMP ń kú fúnra rẹ̀ lórí Ubuntu: ìbéèrè láti ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé la ní ní Ṣómólú, Ubuntu (irú Linux kan) ni kọ̀ǹpútà wa ń lò, mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì jẹ́ 4 GB. Bí mo bá ti ṣí pósítà ńlá nínú GIMP, ètò tí a fi ń ṣe àwòrán, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ dì gbagidi, lẹ́yìn náà GIMP á kú láìsọ ohunkóhun, iṣẹ́ oníbàárà á sì bá a lọ. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Mo fura pé mẹ́mọ́rì ló tán, nítorí pé bí kò bá sí ibi tí kernel (ọkàn Ubuntu, tó ń pín mẹ́mọ́rì fún àwọn ètò) lè yí sí mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yan ètò kan pa, èyí tó ń jẹ mẹ́mọ́rì jù lọ lọ́pọ̀ ìgbà, kí gbogbo ẹ̀rọ má bàa dákú. Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ tẹ èyí nínú Terminal, láti wo orúkọ ètò tí kernel pa:

sudo dmesg | grep -i "killed process"

Ẹ tẹ free -h náà, kí ẹ sì wo ohun tó wà lábẹ́ available, kì í ṣe free, nítorí kernel máa ń fi mẹ́mọ́rì tí kò níṣẹ́ tọ́jú fáìlì, á sì dá a padà bí ètò bá nílò rẹ̀.

Ìbéèrè: Orúkọ gimp wà níbẹ̀ lóòótọ́. Available jẹ́ 180Mi, ṣùgbọ́n 0B ni mo rí níwájú Swap.

Ìdáhùn: 0B yẹn gan-an ni. Mẹ́mọ́rì dà bíi tábìlì tí ẹ ti ń gé bébà. Swap, ìyẹn ààyè lórí dísíìkì tí kernel ń lò kún mẹ́mọ́rì, ni pẹpẹ ẹ̀yìn yín, ibi tí ẹ ń kó èyí tí ọwọ́ yín kò tíì kàn sí. Ẹ̀rọ yín kò ní pẹpẹ rárá. Ẹ ṣe é ní 4 GB:

sudo fallocate -l 4G /swapfile
sudo chmod 600 /swapfile
sudo mkswap /swapfile
sudo swapon /swapfile

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìlà chmod: ohun tó wà ní mẹ́mọ́rì, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà, lè bọ́ sínú fáìlì yẹn, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn rí i kà. Kí swap má bàa pòórá bí iná bá lọ tí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn, ẹ fi èyí sí ìsàlẹ̀ /etc/fstab, fáìlì tí ẹ̀rọ máa ń kà bó bá ń tàn:

/swapfile none swap sw 0 0

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú fún un ní 16 GB, kí n má wulẹ̀ ra mẹ́mọ́rì mọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Orí dísíìkì ni swap wà, dísíìkì kò sì yá tó mẹ́mọ́rì, pàápàá dísíìkì oníyíyí (HDD). Ẹ jẹ́ kí vmstat 1 máa ṣiṣẹ́ nígbà tí pósítà náà wà ní ṣíṣí, kí ẹ tẹjú mọ́ òpó "si" (ohun tó ń padà láti swap sí mẹ́mọ́rì) àti "so" (ohun tó ń lọ sí swap): bí nọ́ńbà bá kàn ń yọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò séwu, bí méjèèjì bá ń ga láìdábọ̀, tábìlì ló kéré, ẹ lọ ra 4 GB kún un ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹ yọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ dání lọ, torí irú mẹ́mọ́rì yàtọ̀ síra: DDR4 kò lè wọ ojú ihò DDR3.